Ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ bá lọ: ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn másítà ní Sheffield

Másítà ọlọ́dún kan ní England kì í pẹ́ parí. September ni wọ́n ń gbà yín wọlé. Kí ẹ tó mọ ibi tí òtútù ń gbà wọ yàrá, Kérésìmesì ti dé. Ìdánwò á tẹ̀lé e, àpilẹ̀kọ á jẹ gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tán, ni September mìíràn bá tún wọlé. Láàárín gbogbo wàhálà yẹn náà lẹ ti rí ọ̀rẹ́ níbi tí ẹ kò ti mọ ẹnì kankan: ọmọ Ṣáínà tó wà ní yàrá òkè, ọmọ Íńdíà tí ẹ jọ wà ní gúrúùpù kan náà ní kíláàsì, ọmọ Gánà tí ẹ̀yin pẹ̀lú rẹ̀ kò tíì parí ìjà ta ló mọ jollof sè. Sheffield ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí yunifásítì méjì ló wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì kún Broomhill, Crookes àti Ecclesall Road. Bí Leeds ni, bí Coventry ni, ọ̀rọ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò tẹ́lẹ̀ ni pé ọ̀rẹ́ mẹ́rin tó jọ dé kì í jọ lọ. Ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè nílé á ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi àpilẹ̀kọ sílẹ̀ gan-an. Ẹni tí àdéhùn ilé rẹ̀ parí lópin August á kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní London. Ẹni tó fẹ́ dúró ṣiṣẹ́ á ṣì wà níbẹ̀ di November. Nítorí náà, ọjọ́ ìkẹyìn ẹgbẹ́ yín kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín máa wọ bàálù. Ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ bá gbé báàgì rẹ̀ jáde ni. Àwọn tí kò fiyè sí èyí ló máa ń fi àríyá ìdágbére sí ọ̀sẹ̀ tiwọn, tí wọ́n á se oúnjẹ ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ènìyàn mẹ́fà á wá, tí àwọn yòókù á máa jùwọ́ sí wọn lórí fóònù.

Ní July, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó ń sáré, ẹ lẹ bébà kan mọ́ ara fíríìjì, kí oníkálukú kọ déètì mẹ́ta sí i: ọjọ́ tí kọ́ọ̀sì rẹ̀ parí nínú ìwé yunifásítì, ọjọ́ tí àdéhùn ilé rẹ̀ parí, àti ọjọ́ tí ó máa rìnrìn àjò. Déètì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sábà bára mu, ibi tí wọn kò sì ti bára mu yẹn ni owó ti ń jò. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn láti orí déètì ẹni tó máa kọ́kọ́ lọ. Ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ ìwé àti owó, ẹ gbìyànjú kí ó parí kí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó kàn máa pàdé ara yín lójú àtẹ̀gùn ni, tìwọ ti àpò ìdọ̀tí lọ́wọ́, títí ilẹ̀ ìdágbére á fi mọ́.

Ọjọ́ tí kọ́ọ̀sì parí yẹn, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fi àpilẹ̀kọ sílẹ̀ o. Lójú Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà ní UK, akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni yín títí di déètì tó wà nínú CAS yín, ìyẹn ìwé tí yunifásítì fún yín láti fi gba físà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ fi ń kọ àpilẹ̀kọ kì í sì í ṣe ìsinmi fún ẹni tó ń ṣe másítà. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́ yín kò gbọdọ̀ kọjá. Ọ̀rẹ́ tó ń ṣe digírì àkọ́kọ́ lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ní July, torí òun wà ní ìsinmi lóòótọ́. Ẹ má wo tirẹ̀ ṣe. Tí kọ́ọ̀sì tó gbà tó oṣù 12 bá parí, físà sábà máa ń ní oṣù 4 sí i lẹ́yìn rẹ̀. Inú oṣù mẹ́rin yẹn ni ẹni tó fẹ́ gba Graduate Route, físà tó ń jẹ́ kí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde dúró ṣiṣẹ́, ti ń retí àbájáde. Kò lè bèèrè rẹ̀ títí yunifásítì á fi sọ fún Home Office pé ó ti yege. Ó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ UK nígbà tó ń bèèrè. Tó bá sì jáde kúrò nílẹ̀ náà kí èsì tó dé, wọ́n ti wọ́gi lé ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn, àfi tó bá jẹ́ Ireland, Isle of Man tàbí àwọn erékùṣù Channel ló lọ. Nítorí náà, tí ọ̀rẹ́ tó ti fi ìwé sílẹ̀ bá ní òun kò lè bá yín ṣe Kérésìmesì ní Paris, ẹ má pè é ní ahun. Ọdún 2 ni wọ́n ń fún ẹni tó ṣe másítà. Ẹni tó bá bèèrè láti 1 January 2027 síwájú, oṣù 18 ni yóò rí gbà.

Ẹni tó kẹ́yìn nínú ilé ni ìyà máa ń jẹ jù, òun ni kò sì sí ẹni tó ń rántí. Ilé tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún nìkan ló ń gbé inú rẹ̀ kì í san council tax, ìyẹn owó orí ilé tí kánsù àdúgbò ń gbà. Ọjọ́ tí kọ́ọ̀sì bá parí, àǹfààní yẹn náà parí. Tí àwọn mẹ́ta bá ti kó jáde, tó ku ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé oníyàrá mẹ́rin, orúkọ ẹni yẹn ni kánsù máa kọ sórí ìwé owó. Wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún un torí pé òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Ìdá mẹ́ta tó kù, ọrùn rẹ̀ ló wà. Iná àti gáàsì náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí àkáǹtì ni ilé iṣẹ́ iná mọ̀. Tó bá jẹ́ pé oníkálukú ló bá lánlọ́ọ̀dù fọwọ́ sí àdéhùn yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀, lánlọ́ọ̀dù ni kánsù sábà máa ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, gbèsè ẹnì kan, gbèsè gbogbo yín ni. Ihò tí ọ̀rẹ́ yín lu sára ògiri kó tó lọ sí Chengdu, inú owó gbogbo yín ni wọn yóò ti gé e.

Bí wọ́n ṣe ń yanjú rẹ̀ rèé. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹnì kan bá fẹ́ lọ, ẹ ya fọ́tò mítà iná àti ti gáàsì, kí nọ́ńbà inú rẹ̀ hàn kedere. Ẹ ṣírò ohun tí ẹ ti jẹ dé ọjọ́ náà, kí ó san tirẹ̀. Kí ó tún fi ìpín tirẹ̀ sílẹ̀ nínú owó ìfọlé àti nínú council tax ọjọ́ tó bá máa wà láàárín òpin kọ́ọ̀sì àti òpin àdéhùn ilé. Ojú máa ń tini láti bèèrè owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tó ti ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kí ẹ kọ ọ́ sórí bébà fíríìjì láti July, kó jẹ́ òfin ilé, kó má di ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́jọ́ ẹkún.

Ní ti owó dìpọ́síìtì: ní England, lánlọ́ọ̀dù tí owó ilé rẹ̀ kò tó £50,000 lọ́dún kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, ó sì gbọ́dọ̀ fi pa mọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ètò mẹ́ta tí ìjọba fọwọ́ sí, ìyẹn DPS, MyDeposits tàbí TDS, láàárín ọjọ́ 30 tó gbà á. Tí ẹ bá ti fẹnu kò lórí iye tó yẹ kí ẹ gbà, ọjọ́ 10 ló ní láti fi san án. Bí ẹ kò bá fẹnu kò, ètò yẹn ní onílàjà tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ̀rí ló sì ń wò: fọ́tò ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ti ọjọ́ tí ẹ jáde. Họ́ọ̀lù yunifásítì kò sí lábẹ́ òfin ìfipamọ́ dìpọ́síìtì yìí ní tiwọn, wọ́n ní ìlànà tiwọn. Ògbó ara kápẹ́ẹ̀tì àti ọ̀dà tó ṣá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ayálégbé, wọn kò sì lè gé owó yín tìtorí rẹ̀. Ìdọ̀tí ni wọ́n ń gé owó tìtorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọ kíṣìnì, torí ibẹ̀ ni ìjà wà. Oven ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ po bicarbonate of soda mọ́ omi díẹ̀ kó ki bí ògì, ẹ fi kun inú oven tó ti tutù, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ẹ má fi kan irin tó ń pọ́n tó bá gbóná. Ní àárọ̀, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ohun tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ọ̀bẹ onírọ́bà ha á. Àwọn àwo irin inú rẹ̀, inú ọpọ́n ìwẹ̀ ni kí ẹ rẹ wọ́n sí pẹ̀lú omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ, lórí tówẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kí ọpọ́n má baà họ. Fíríìjì, ẹ pa á ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, kí yìnyín inú fírísà yọ́ sórí aṣọ tí ẹ tẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń fi ọ̀bẹ wú yìnyín ló máa ń gún páìpù inú rẹ̀, fíríìjì tuntun ni wọ́n á sì fi san án.

Epo pupa ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ara tábìlì funfun àti ìdí ike tí wọ́n ń kó ọbẹ̀ sí ló máa ń pọ́n bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ tó. Ọṣẹ á gbé òróró rẹ̀ lọ, àwọ̀ rẹ̀ á kù. Oòrùn ló ń pa àwọ̀ yẹn: ẹ gbé ike náà sẹ́yìn fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ ó rí i pé ó ń ṣá. Oòrùn September ní Sheffield kò lágbára, nítorí náà August ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí àwọ̀n tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń fa èéfín lókè sítóòfù. Gbogbo dòdò tí ẹ dín lọ́dún náà wà níbẹ̀.

Nínú balùwẹ̀, omi Sheffield kò le, orí òkè Peak District ló ti ń ṣàn wá, nítorí náà ẹfun funfun kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi bíi ti London. Èéhù dúdú ni tiwọn níbẹ̀, torí ẹ kì í ṣí fèrèsé nígbà òtútù. Oògùn èéhù tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù sábà máa ń ní bleach nínú. Tí ẹ bá fi èyí pa èéhù, ẹ má da fíníígà tàbí oògùn tó ń bó ẹfun lé e lórí láé. Gáàsì chlorine ló máa jáde, ó sì lè dá ènìyàn dùbúlẹ̀ nínú balùwẹ̀ kékeré. Ọ̀rẹ́ méjì tó ń fi nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fọ ibì kan náà láìsọ fún ara wọn ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí.

Lójú tèmi, iṣẹ́ ìfọlé yìí wúlò fún ìdágbére ju àríyá lọ. Nínú àríyá, orin ń pariwo, gbogbo ènìyàn ń ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí ẹnì kan ń ha oven, tí ẹnì kejì ń yọ lẹ́ẹ̀ kúrò lára ògiri, ọ̀rọ̀ tí ẹ kò sọ láti oṣù kẹwàá á jáde. Ẹ ṣe é kí ẹni àkọ́kọ́ tó lọ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi yàrá ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilẹ̀ kíṣìnì nìkan sílẹ̀ fún ẹni ìkẹyìn.

Ẹrù pípín náà máa ń bí ìjà tí kò bá ní ètò. Ohun tó máa ya yín lẹ́nu ni pé iná ló yẹ kó pín in. Iná ilé wa ní Nàìjíríà àti ti UK bára mu, 230V ni, ẹnu ihò onígun mẹ́ta kan náà la sì ń lò. Kẹ́túlù, àyọ̀nù, ẹ̀rọ ìlọta àti ìkòkò ìrẹsì tí ẹ rà ní Sheffield á ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn láìyí ohunkóhun padà. Ọmọ Gánà náà lè lò ó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Íńdíà àti ọmọ Ṣáínà nílò àyípadà ẹnu nìkan. Ọmọ Japan àti ọmọ Amẹ́ríkà kò lè lò ó rárá, torí 100V àti 120V ni tiwọn. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣẹ́ gègé, ẹ wo ẹni tí nǹkan náà á ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ìwọ̀n kílò ló kù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí Lagos máa ń gba àpótí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 23. Wọn kì í gba àpótí kan tó bá ju kílò 32 lọ, bí ẹ tilẹ̀ ní owó lọ́wọ́. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ àpótí, kí gbogbo ilé máa lo ọ̀kan. Ìwé ló ń tan ni jẹ: méjìlá nínú ìwé kíláàsì lè gba ìdajì àpótí kan. Power bank kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí ńlá, ọwọ́ ni kó wà, kò sì gbọdọ̀ ju 100Wh lọ bí ẹ kò bá tọrọ àyè lọ́wọ́ ọkọ̀ òfurufú. Ẹ fi nọ́ńbà mAh tó wà lára rẹ̀ ṣe ìsọdipúpọ̀ 3.7, ẹ pín in sí 1,000: ti 20,000mAh jẹ́ 74Wh, kò léwu. Dúfẹ́ẹ̀tì, ìkòkò àti ohun tí kò ní ibi tó ń lọ, ẹ gbé e fún British Heart Foundation, tó máa ń gbé àpótí ìkó-nǹkan sí họ́ọ̀lù àti àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́. Ibi ìpín-oúnjẹ-fún-aláìní kì í gba gààrí tí ẹ ti ṣí, àfi èyí tí ọwọ́ kò tíì kàn, tí déètì rẹ̀ kò sì tíì kọjá. Ẹ jẹ gààrí yẹn.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ ṣe àríyá, ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ mọ kíṣìnì tí ẹ wà. Ní ọ̀pọ̀ họ́ọ̀lù, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ooru ni wọ́n fi sí kíṣìnì, èyí tó ń gbọ́ èéfín wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ata tí ẹ ń dín nìkan kì í sábà fa aláàmù. Ilẹ̀kùn kíṣìnì tí ẹnì kan fi àga há kí afẹ́fẹ́ lè wọlé ló ń fà á, torí èéfín á gba ibẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ilé á sì jáde síta nínú òtútù. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ ṣí fèrèsé. Tó bá jẹ́ sítóòfù induction, ìkòkò àlùmíníọ̀mù tí ìyá yín kó fún yín kò ní gbóná lórí rẹ̀. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kan ìdí ìkòkò wò, èyí tí kò bá lẹ̀ mọ́ kò wúlò níbẹ̀.

Fún ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kílò ìrẹsì kan ààbọ̀ ti tó. Èyí tí wọ́n kọ “easy cook” sí lára ni kí ẹ rà, òun ni ó sún mọ́ ìrẹsì ilé. Basmati á fọ́ tí ẹ bá rò ó. Ẹ lọ tàtàṣé ńlá mẹ́rin, tòmátì agolo méjì àti àlùbọ́sà mẹ́ta, ẹ dín in dáadáa kó má kan mọ́, ẹ pín ìrẹsì náà sí ìkòkò méjì torí ìkòkò akẹ́kọ̀ọ́ kéré. Tí omi bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ẹ fi bébà fọ́ìlì bò ó, ẹ gbé e sínú oven ní 160°C fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Kò ní jóná, sítóòfù á sì ṣófo fún dòdò. Ó kàn jẹ́ pé kò ní ní òórùn èéfín àríyá. Ọmọ Gánà á rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ bèèrè ohun tí oníkálukú kì í jẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ojú wò ó. Ẹni tó ní òun kì í jẹ ẹran, ẹ má fi Maggi adìyẹ sínú tirẹ̀ kí ẹ wá sọ pé kò sí ẹran níbẹ̀. Edé ni ewu tó farapamọ́ jù nínú oúnjẹ wa, torí ara àwọn kan kọ̀ ọ́ débi pé ọ̀nà ọ̀fun wọn lè dí. Ẹ̀fọ́ tí ẹ se pẹ̀lú irú láìsí edé ṣì dùn. Fún Mùsùlùmí, ẹran halal wà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù London Road. Àwo kọ̀ọ̀kan ní ṣíbí tirẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ síwájú rẹ̀.

Ẹ jáde nílé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú, kó má jẹ́ ilé ìtajà. Ọkọ̀ ojú irin láti Sheffield dé Edale kò tó wákàtí kan, ẹ ó sì bá ara yín láàárín òkè Peak District. Tí ẹ bá tó mẹ́ta sí mẹ́sàn-án tí ẹ jọ ń lọ jọ ń bọ̀, ẹ bèèrè GroupSave, ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó tíkẹ́ẹ̀tì lásìkò tí èrò kò pọ̀. Kì í bá Railcard, káàdì ẹ̀dínwó ọkọ̀ ojú irin, ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹ mú ọ̀kan. Láti Edale, ẹ lè gun Mam Tor, mítà 517 ni gíga rẹ̀, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Castleton, bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tó ń padà sí Sheffield. Afẹ́fẹ́ orí òkè yẹn kì í mọ ọjọ́ tó gbóná. Ẹ mú kóòtù dání. Fìlà aṣọ òkè tí ẹ fẹ́ fi ta ọ̀rẹ́ yín lọ́rẹ, ibẹ̀ ni kí ẹ ti fún un. Kò wúwo nínú àpótí, kò sì lè fọ́ bí ìgò Henderson's Relish, ọbẹ̀ inú ìgò tí àwọn ará Sheffield fẹ́ràn láti fi tọrẹ. Kí ẹ sì tó túká, ẹ ya fọ́tò kan ní iwájú Firth Court, ilé àtijọ́ Yunifásítì Sheffield, nínú aṣọ ilẹ̀ yín, torí ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde másítà sábà máa ń di ìgbà òtútù, ẹni tó ti padà sílé yóò sì nílò físà àlejò kó tó lè wá.

Àwọn ìwé kéékèèké, ẹ sáré ṣe wọn. Ẹ lọ bá olùkọ́ tí yóò jẹ́rìí yín lójúkojú kó tó lọ fún ìsinmi August, ẹ fún un ní àkọlé àpilẹ̀kọ àti máàkì yín. Ẹ gba P45, ìwé tó ń fi owó iṣẹ́ àti owó orí yín hàn, lọ́wọ́ ibi iṣẹ́. Ẹni tó ń kúrò ní UK pátápátá máa fi fọ́ọ̀mù P85 sọ fún HMRC, iléeṣẹ́ owó orí UK, torí akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kò tó £12,570 nínú ọdún owó-orí lè rí owó tí wọ́n ti yọ gbà padà. National Insurance, owó mìíràn tí ìjọba ń yọ nínú owó iṣẹ́, kì í padà. Ẹ tẹ àkọsílẹ̀ ìlera yín jáde láti inú NHS App. Nọ́ńbà fóònù UK, ẹ má jẹ́ kó kú, torí òun ni báńkì ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí. Ọ̀pọ̀ SIM tí wọ́n ń sanwó sí tẹ́lẹ̀ á di aláìlò tí ẹ kò bá fi ṣe nǹkan kan fún bí oṣù mẹ́fà.

Ibi tí ọ̀rẹ́ ti ń sọnù láìsí ìjà ni ímeèlì yunifásítì. Ọjọ́ kan á dé tí wọ́n á ti í pa, gúrúùpù Teams, fọ́tò OneDrive àti ìwé Google tí ẹ jọ kọ á bá a lọ. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú dráìfù ti ara yín kí oṣù náà tó parí, kí ẹ sì yí ímeèlì tó wà lórí LinkedIn padà. Ọ̀rẹ́ tó ń lọ sí Ṣáínà, WhatsApp kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìsí VPN, Google náà kì í ṣiṣẹ́, nítorí náà àkójọ fọ́tò orí Google tí ẹ fi ránṣẹ́ kò ní ṣí. WeChat ni wọ́n ń lò, àkáǹtì tuntun sì sábà máa ń nílò ẹni tó ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti fi fóònù rẹ̀ jẹ́rìí. Ẹ ṣe é ní kíṣìnì, tí ẹ jọ jókòó. Fọ́tò, ẹ dà á sínú fláàṣì, ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá ń lọ, tí ọ̀rẹ́ kan bá fẹ́ fi mọ́tò gbé e dé Heathrow, ẹ sọ fún un pé owó ìdúró níwájú ilé ìwọkọ̀ kò ní géètì. Kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà mọ́tò, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni wọ́n ti ń san án kí ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ kejì tó lù. Ẹni tó ń lọ ni kó san án látorí fóònù rẹ̀ kí ó tó wọ bàálù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó ìtanràn á bá ẹni tó ṣoore nílé.

Fún ìpè ẹgbẹ́ lẹ́yìn náà, ẹ má fi aago England ṣe ìpìlẹ̀. Sunday tó kẹ́yìn ní October ni wọ́n ń yí aago wọn padà, Lagos, Íńdíà àti Ṣáínà kì í sì í yí tiwọn, ìdí nìyẹn tí ìpè fi ń dàrú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ November tí ẹnì kan á ní wọ́n gbàgbé òun. Ẹ fi aago Lagos ṣe é: aago méjì ọ̀sán Saturday ní Lagos jẹ́ aago kan ní Accra àti ní Sheffield nígbà òtútù, aago mẹ́fà ààbọ̀ alẹ́ ní Pune, àti aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní Chengdu. Láti Sunday tó kẹ́yìn ní March, ẹni tó kù ní Sheffield nìkan ni yóò sún tirẹ̀ sí aago méjì.